Ojú Ni Ọ̀rọ̀ Wà: Bí A Ṣe Ń Yẹ Iṣẹ́ Kámẹ́rà Kékeré Wò

Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ìdílé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ kíláàsì wa tọ̀ wá wá ní ilé ìjọsìn. Bàbá wọn, ẹni tí a jọ jókòó lórí ìjókòó kan náà fún ọdún márùn-ún, ti di olóògbé, wọ́n sì ń wá fọ́tò tí wọn yóò fi sí ojú ìwé ètò ìsìnkú. Èyí tí wọ́n mú lọ́wọ́ ni a yà níbi àpèjẹ ẹgbẹ́ wa ní alẹ́ ọjọ́ kan, ní gbọ̀ngàn kan ní Sùúrùlérè, pẹ̀lú kámẹ́rà kékeré tí ẹnì kan mú bọ̀ láti òkè òkun. Lójú fóònù, fọ́tò náà dára. Ṣùgbọ́n nígbà tí òǹtẹ̀wé ní Ṣómólú fẹ̀ ẹ́ kí ó kún ojú ìwé, ohun tí ó jáde kì í ṣe ojú ènìyàn mọ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti yọ́ bí òrí inú oòrùn, irun àti fìlà ti lẹ̀ mọ́ ara wọn, ojú méjèèjì sì dà bí ihò tí a fi èédú kùn. Nígbẹ̀yìn, fọ́tò kíláàsì wa ti ọdún 1976 ni wọ́n lò, èyí tí onífọ́tò kan ní Yaba yà fún wa lábẹ́ igi máńgòrò pẹ̀lú fíìmù dúdú-àti-funfun. Bí a ti fẹ̀ ẹ́ tó, bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ ṣì ṣeé kà. Ọmọkùnrin ọmọ ọdún 17 ni ó wà lójú ìwé ìsìnkú ọkùnrin ẹni ọdún 64, àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ sì ń bi ara wọn léèrè nínú ìsìn pé ta ni ẹni náà.

Ọ̀rọ̀ yìí kò kúrò lọ́kàn wa. Nítorí náà, nígbà tí ẹgbẹ́ wa pinnu pé ẹ̀bùn àjọ̀dún tí a óò fún ilé-ẹ̀kọ́ wa ni kámẹ́rà kan tí yóò máa wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ tí ń kọ ìròyìn ilé-ẹ̀kọ́, tí wọ́n sì yan àwa mẹ́ta láti lọ wá a, a kò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ọ̀kan nínú wa jẹ́ dókítà tí ó ti ń ya fọ́tò láti ìgbà èwe. Èkejì ní ilé ìtẹ̀wé. Àwa tí a ń kọ èyí kò ní ìmọ̀ mìíràn ju pé a ti sin ọ̀pọ̀ ènìyàn, a sì ti rí ọ̀pọ̀ fọ́tò tí kò jọ olóògbé. Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde tí ẹ máa ń bi wá léèrè irú kámẹ́rà tí ẹ lè rà, ohun tí a rí ni a fẹ́ fi tó yín létí.

Irú kámẹ́rà tí a ń sọ ni èyí tí ó kéré tó láti wọ àpò kóòtù, tí lẹ́ńsì rẹ̀ kò ṣeé yọ, ṣùgbọ́n tí ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe ti ọmọdé. Fujifilm gbé X100 jáde ní 2011, Sony gbé RX100 jáde ní 2012, Ricoh sì gbé GR tí ó ní awo ìmọ́lẹ̀ ńlá jáde ní 2013. Láti ìgbà náà, àwọn ayàwòrán tí ó ti gbó nínú iṣẹ́ náà kò tijú láti fi irú wọn sí àpò. A yan irú rẹ̀ nítorí pé ọwọ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ lè gbé e, àti nítorí pé kámẹ́rà ńlá tí a ń pààrọ̀ lẹ́ńsì rẹ̀ kì í pẹ́ gba eruku wọlé nígbà ọyẹ́. Owó rẹ̀ kò kéré. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ tilẹ̀ sọ pé fóònù ti tó. A ó padà sórí fóònù.

Ohun àkọ́kọ́ tí àwọn òǹtajà fi ń han ènìyàn ni nọ́ńbà tí a tẹ̀ gàdàgbà sí ara páálí: megapixel 16, megapixel 20, megapixel 40. Nọ́ńbà náà kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni ó ń sọ bí àwòrán yóò ti dára tó. Megapixel kan jẹ́ mílíọ̀nù kan àmì kékeré tí a fi to àwòrán jọ. Òǹtẹ̀wé tí ó wà nínú wa ṣe ìṣirò rẹ̀: bí a bá fẹ́ tẹ fọ́tò tí yóò kún ojú ìwé A4 kan, ní àmì 300 nínú ínṣì kọ̀ọ̀kan, a nílò 2,480 lọ́nà 3,508, èyí tí kò pé megapixel 9. Kámẹ́rà tí ó ní 20 ti ní ju ìlọ́po méjì ohun tí a nílò lọ. Síbẹ̀, fọ́tò ọ̀rẹ́ wa tí ó bàjẹ́ yẹn, megapixel 16 ni.

Ibi tí iṣẹ́ wà ni ìwọ̀n awo pẹlẹbẹ tí ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà, èyí tí wọ́n ń pè ní sẹ́ńsọ̀. Nínú kámẹ́rà kékeré tí owó rẹ̀ kò pọ̀, awo náà sábà máa ń jẹ́ nǹkan bí mílímítà 6.2 lọ́nà 4.6. Ti RX100 jẹ́ 13.2 lọ́nà 8.8, ìlọ́po mẹ́rin rẹ̀. Ti X100 àti ti GR sún mọ́ 23.6 lọ́nà 15.7, èyí tí ó tó ìlọ́po mẹ́tàlá. Bí òjò bá rọ̀ ní Mushin fún ìṣẹ́jú kan péré, ẹni tí ó gbé agbada síta yóò rí omi wẹ̀, ẹni tí ó gbé ife síta yóò rí èyí tí yóò fi yọ ẹnu. Bí a bá wá pín omi inú ife náà sí ọ̀nà mílíọ̀nù 16, kí ni yóò kan ọ̀nà kọ̀ọ̀kan? Ní ọ̀sán gangan, nígbà tí ìmọ́lẹ̀ ń rọ̀ bí òjò oṣù kẹfà, ife náà kún, kò sì sí ẹni tí yóò mọ ìyàtọ̀. Alẹ́ ni a ń mọ̀ ọ́n. Kámẹ́rà tí kò rí ìmọ́lẹ̀ gbà yóò máa méfò: àwòrán rẹ̀ yóò kún fún wóró-wóró bí iyanrìn, kámẹ́rà náà yóò sì gbìyànjú láti fọ iyanrìn náà kúrò, bí ó sì ti ń fọ iyanrìn ni ó ń fọ ìrísí ojú ènìyàn lọ pẹ̀lú rẹ̀.

Ìdí nìyí tí fọ́tò àwọn baba ńlá wa fi ń yà wá lẹ́nu. Nígbà tí George Da Costa, ẹni tí ó ti ń ṣe alábòójútó CMS Bookshop ní Èkó láti 1877, fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní 1895 tí ó sọ fọ́tò yíyà di iṣẹ́, awo gíláàsì tí ó tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ ni àwọn onífọ́tò ìgbà náà ń kó kiri. Onífọ́tò wa ní 1976 lo fíìmù 120, tí fọ́tò rẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ mílímítà 56 lọ́nà 56. Bí ẹ bá ṣe ìsodipúpọ̀ rẹ̀, ẹ ó rí i pé ó ju ìlọ́po ọgọ́rùn-ún awo inú kámẹ́rà tí ó ba ojú ọ̀rẹ́ wa jẹ́ lọ. Kò yani lẹ́nu mọ́ pé bọ́tìnnì ṣeé kà.

Lẹ́ńsì náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Nọ́ńbà tí a kọ yí ojú rẹ̀ ká, bíi 1.8, ń sọ bí ilẹ̀kùn ìmọ́lẹ̀ ti lè ṣí tó. Bí nọ́ńbà náà bá ti kéré tó ni ilẹ̀kùn náà ti ń ṣí gbayawu tó. RX100 àkọ́kọ́ ṣí dé 1.8 nígbà tí a kò bá fa àwòrán súnmọ́, ṣùgbọ́n bí a bá fà á dé òpin, ó di 4.9. Ìmọ́lẹ̀ tí ń wọlé ti dín kù dé nǹkan bí ìdá kan nínú méje. Nítorí náà, ẹni tí ó jókòó sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì tí ó ń fa ojú ìyàwó súnmọ́ láti ibẹ̀ ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ ìmọ́lẹ̀. Kí ó dìde, kí ó rìn lọ síwájú. Àlùfáà kì í jẹ ènìyàn.

Ṣùgbọ́n nọ́ńbà kò lè ṣe ìdájọ́ tán. Kí ni a ń pè ní àwòrán tí ó dára? Robert Farris Thompson, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà ní Yunifásítì Yale, bi àwọn ènìyàn wa léèrè ní ilẹ̀ Yorùbá ohun tí wọ́n fi ń mọ ère tí ó dára yàtọ̀ sí èyí tí kò dára, ó sì tẹ ohun tí ó gbọ́ jáde ní 1973. Lára ohun tí wọ́n sọ fún un ni jíjọra, ìfarahàn àti dídán. Jíjọra ni pé kí ère jọ ènìyàn níwọ̀ntúnwọ̀nsì, kí ó má jọ ọ́ jù, kí ó má sì jìnnà sí i jù. Ìfarahàn ni pé kí gbogbo ẹ̀yà ara hàn ketekete, kí ojú jẹ́ ojú, kí ilà jẹ́ ilà. Dídán ni pé kí ìmọ́lẹ̀ àti òjìji máa ṣiṣẹ́ lára rẹ̀. A kọ́ nípa lẹ́ńsì àti ìmọ́lẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ wa, a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tí ó kọ́ wa, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó dárúkọ mẹ́ta wọ̀nyí fún wa ní kíláàsì. Àwọn ni a fi dán kámẹ́rà mẹ́ta wò, pẹ̀lú fóònù kan tí ó ṣe ẹ̀kẹrin. Ọwọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ni a ti yá wọn. A kò ní dárúkọ wọn, nítorí a kò fẹ́ ba ọjà ẹnikẹ́ni jẹ́.

Ìfarahàn ni a kọ́kọ́ wò, irun ni a sì fi wò ó. Ẹ̀yin tí ẹ bá mọ iṣẹ́ J. D. 'Okhai Ojeikere yóò mọ ìdí rẹ̀. Láti 1968 ni ọkùnrin náà, tí ó gbé tí ó sì ṣiṣẹ́ ní Kétu nílùú Èkó, ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya orí àwọn obìnrin tí wọ́n dirun, àwọn fọ́tò náà sì sún mọ́ ẹgbẹ̀rún kan kí ó tó kú ní 2014; láti ẹ̀yìn ni ó ti ya púpọ̀ nínú wọn. Nínú iṣẹ́ rẹ̀, irun dúdú kì í ṣe òkìtì dúdú. Ẹ lè fi ojú tọ ẹsẹ̀ irun kọ̀ọ̀kan láti iwájú orí dé ìpàkọ́, ẹ sì lè rí ibi tí òwú ti yí irun ká. Ohun dúdú lórí ohun dúdú ni irun wa. Kámẹ́rà tí ó bá lè yà á sọ́tọ̀ nínú òjìji ti ṣe iṣẹ́. A ní kí ọmọbìnrin kan ní kíláàsì kẹrin tí ó di ṣùkú jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, pẹ̀lú àṣẹ ìyá rẹ̀, a sì yà á ní ọ̀sán àti ní ìrọ̀lẹ́. Ní ọ̀sán, gbogbo wọn yege. Nígbà tí aago mẹ́fà ààbọ̀ fi lù, kámẹ́rà kan ti sọ ṣùkú di fìlà.

Dídán ni ó le jù. Ní ọjọ́ àjọ̀dún, bí ẹ ti mọ̀, léèsì funfun ni ó máa ń pọ̀ jù, ojú wa sì dúdú. Ohun tí ń díwọ̀n ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà máa ń rò pé bí a bá po gbogbo ohun tí ó wà níwájú rẹ̀ pọ̀, àwọ̀ eérú ni yóò jẹ́. Bí léèsì funfun bá gba àyè púpọ̀, yóò gbà pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, yóò sì dín in kù. Léèsì di eérú, ojú ẹni tí ó wọ̀ ọ́ di òru. Bí ẹ bá wá ní kí ó gba ìmọ́lẹ̀ sí i kí ojú lè hàn, léèsì yóò di funfun báláú tí kò ní iṣẹ́ ọnà kankan lára mọ́. Kámẹ́rà tí ó dára ni èyí tí ó mú méjèèjì dání nínú fọ́tò kan ṣoṣo, ihò ara léèsì àti òógùn tí ń dán níwájú orí.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ ara wa nínú fọ́tò ní ìtàn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún nígbà ayé fíìmù aláwọ̀, káàdì tí ó ní àwòrán obìnrin aláwọ̀ funfun lára ni àwọn tí ń tẹ fọ́tò ní Amẹ́ríkà fi ń ṣe òṣùwọ̀n. Shirley ni wọ́n ń pe káàdì náà. Bí awọ Shirley bá ti dára, wọ́n gbà pé iṣẹ́ tán. Ẹ̀yin tí ẹ ṣe ìgbéyàwó ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn, ẹ ṣí álúbọ́ọ̀mù yín, kí ẹ wo iye àlejò tí ó jẹ́ pé eyín nìkan ni ó hàn. Kámẹ́rà òde òní sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n a kò gbọ́dọ̀ gbà á gbọ́ láìdán an wò. Èdè wa fún wa ní òṣùwọ̀n tiwa: adúmáadán ní ìkángun kan, apọ́nbéporẹ́ ní ìkángun kejì. A to ènìyàn mẹ́rin sí ojú ìlà kan láti ìkángun dé ìkángun. Kámẹ́rà kan mú adúmáadán, ó bọ́ dídán rẹ̀ kúrò, ó fi eérú kùn ún. Òmíràn sọ apọ́nbéporẹ́ di ẹni tí ibà-pọ́njú ń ṣe, tó bẹ́ẹ̀ tí dókítà wa fi ní kí a tètè gbé ọkùnrin náà lọ sí ilé ìwòsàn.

Ní alẹ́, a wọ inú gbọ̀ngàn, níbi tí iná funfun ti wà lápá kan, tí iná pupa wà lápá kejì, tí jẹnẹrétọ̀ sì ń mú méjèèjì ṣẹ́jú. Nọ́ńbà kan wà nínú kámẹ́rà tí wọ́n ń pè ní ISO, tí ń sọ bí kámẹ́rà ti ń gbé ìwọ̀nba tí sẹ́ńsọ̀ rí gbà ga tó. Ẹ gbé e láti 200 lọ sí 400, 800, 1600, 3200 àti 6400, kí ẹ máa ya ojú kan náà, kí ẹ sì wo ibi tí ojú náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrẹ̀. Ibẹ̀ ni òpin kámẹ́rà náà, ohunkóhun tí ì báà wà lára páálí. Nínú mẹ́ta tí a yẹ̀ wò, ọ̀kan kò lè kọjá 800. Ọ̀kan gun 3200 láìjanpata.

Ẹ̀yin tí ẹ bá ń lọ sí Computer Village ní Ìkẹjà, tàbí sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Ojúẹlẹ́gba, ẹ gbọ́ èyí. Òǹtajà yóò fi àwòrán òdòdó hàn yín lójú gíláàsì kékeré tí ó wà lẹ́yìn kámẹ́rà. Gíláàsì náà kò ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ. Ohun gbogbo ni ó máa ń dára nínú rẹ̀. Jóṣúà àti àwọn olórí Ísírẹ́lì wo àkàrà híhùkasì àti bàtà gbígbó tí àwọn ará Gíbéónì fi hàn wọ́n, wọ́n sì bá wọn dá májẹ̀mú láìwádìí síwájú sí i. Ẹ mú káàdì ti ara yín lọ. Ẹ ya ojú òǹtajà fúnra rẹ̀ nínú òjìji ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ẹ ya ìta níbi tí oòrùn ti ń mú. Ẹ na ojú ewé ìwé ìròyìn kan sí ara ògiri, kí ẹ yà á kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, nítorí igun ni lẹ́ńsì tí kò dára ti máa ń tú àṣírí ara rẹ̀. Ẹ gbé káàdì náà délé, ẹ ṣí i lórí kọ̀ǹpútà, kí ẹ fẹ̀ ẹ́ títí àmì kan nínú àwòrán yóò fi jẹ́ àmì kan lójú kọ̀ǹpútà. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Òǹtajà tí kò bá gbà bẹ́ẹ̀, ẹ dágbére fún un.

A ṣèlérí láti padà sórí fóònù. Àwọn ará ilé-ẹ̀kọ́ wa kò ní gbàgbé ìyá tí ó ń ta mọ́ínmọ́ín lẹ́nu ọ̀nà láti ìgbà tí a wà ní kíláàsì kejì. Màmá ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Wọn kò ta nǹkan mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì máa ń wá jókòó níbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, wọn a sì máa bi àwọn ọmọ oní léèrè bí àwa ti ń ṣe. Pélé mẹ́ta ni ó wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn kọ̀ọ̀kan, ilà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ọjọ́ orí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bò. A ya Màmá pẹ̀lú fóònù àti kámẹ́rà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ìrọ̀lẹ́ kan náà, a tẹ fọ́tò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní ìwọ̀n kan náà ní Ṣómólú, a kò kọ nǹkan kan sí wọn lára, a sì tò wọ́n sórí itan wọn.

Ti fóònù ni wọ́n kọ́kọ́ mú. Wọ́n wò ó, wọ́n rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀yin ọmọ yìí, ọmọ ta lẹ yà síbí?” Fóònù náà ti fọ ojú wọn mọ́, ó ti sọ awọ wọn di ti ọmọge, kò sì sí pélé kankan níbẹ̀ mọ́. Ó yẹ kí a sọ òtítọ́ pé àwọn àgbà tí Thompson bá sọ̀rọ̀ pàápàá fẹ́ kí ère máa wà ní ìrísí ọ̀dọ́. Kì í ṣe òní ni a bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún ìhunjọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ère ìbejì: awọ lè jọ̀lọ̀, agbẹ́gilére kì í gbàgbé ilà. “Níbo ni ilà mi wà?” ni Màmá bèèrè, wọ́n sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́.

Wọ́n sọ pé fọ́tò kejì jọ àwọn nígbà tí àwọn ṣàìsàn. Ẹ̀kẹta kò burú, ó ṣókùnkùn díẹ̀. Ẹ̀kẹrin ni wọn kò tètè sọ nǹkan nípa rẹ̀. Wọ́n gbé e súnmọ́ ojú, wọ́n fi ìka tọ ilà náà lórí bébà, ọ̀kan, èkejì, ẹ̀kẹta, lẹ́yìn náà wọ́n fi ọwọ́ kan náà kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara wọn. Kámẹ́rà tí ó ya èyí ni a rà. Megapixel tirẹ̀ ni ó kéré jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Màmá ní kí a tẹ méjì, ọ̀kan fún àwọn, èkejì fún ọmọ àwọn tí ó ń gbé ní Mushin, kí ó tọ́jú rẹ̀ pamọ́ de ọjọ́ náà. A tẹ mẹ́ta. Ẹ̀kẹta ni ó wà ní ojú ewé tí ó kọjú sí èyí.